Abúlé Japan: ṣé ká sùn síbẹ̀ ni, àbí ká kàn yà wò?

Ìbéèrè

Èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Japan lóṣù kọkànlá, ọjọ́ mẹ́wàá péré. Èmi fẹ́ Tokyo, Osaka àti Kyoto, ká rí iná, ká rí ọjà. Ìyàwó mi ní òun rí fọ́tò àwọn ìlú kéékèèké kan láàárín òkè, ilé pákó, odò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òun sì fẹ́ ká lo ọjọ́ márùn-ún níbẹ̀, ká máa rìn jẹ́jẹ́. Mo ní kí ni mo ń wá lọ sí abúlé? Mo lè sùn ní abúlé bàbá mi láìwọ ọkọ̀ òfúrufú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ẹ bá wa dá sí i. Ṣé ká fi ọjọ́ kan yà wò ká padà sí ìlú ńlá, àbí nǹkan kan wà níbẹ̀ lóòótọ́?

* * *

Èsì mi àkọ́kọ́

Ìyàwó yín ló jàre. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìlú márùn-ún ló fẹ́ fi ọjọ́ márùn-ún náà yí ká, n kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ìlú méjì tàbí mẹ́ta ti tó.

Mo lọ pẹ̀lú ọkọ mi ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2023, mo sì mú ìyá mi lọ lóṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Àfonífojì Kiso la lọ lẹ́ẹ̀mejèèjì, ibẹ̀ ni màá sì sọ̀rọ̀ lé jù. Láyé àtijọ́, ọ̀nà ńlá méjì ló so Edo, tó di Tokyo lónìí, pọ̀ mọ́ Kyoto. Tōkaidō gba etí òkun, ibùsọ̀ 53 ló ní. Nakasendō gba àárín òkè, ó sì gba Kiso kọjá, ibùsọ̀ 69 ló ní. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní ibùsọ̀, torí ohun tí àwọn ìlú yìí jẹ́ gan-an nìyẹn: ibi tí arìnrìn-àjò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀, tó ti ń jẹun, tó ti ń pààrọ̀ ẹṣin, tó ti ń sùn mọ́jú. Torí oorun la ṣe kọ́ wọn. Ẹni tó bá dé lọ́sàn-án tó sì lọ lọ́sàn-án, kò tíì lo ìlú náà fún ohun tó wà fún.

Fọ́tò tí ìyàwó yín rí yẹn, kò séèyàn nínú rẹ̀, àbí? Àfẹ̀mọ́jú tàbí ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n yà á. Tó bá ti di nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, àwọn tó wá fi ọjọ́ kan wo Magome, ọ̀kan nínú àwọn ibùsọ̀ Kiso, á ti kún òpópónà olókùúta tó ń gòkè yẹn, ẹ ò ní rí ilẹ̀ tẹ̀. Tó bá fi máa di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, bọ́ọ̀sì ti kó wọn lọ, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti ń ti ilẹ̀kùn onígi. Ohun tó kù ni omi tó ń ṣàn nínú ojú àgbàrá olókùúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àtùpà lẹ́nu ọ̀nà ilé mélòó kan, àti òkè dúdú lẹ́yìn wọn. Èmi àti ọkọ mi rìn látòkè délẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni méjì la pàdé. A gbọ́ rédíò láti inú ilé kan, a gbọ́ òórùn èéfín igi. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ìrìn àjò, ṣùgbọ́n alẹ́ yẹn ló ṣì ń sọ títí dòní.

* * *

Èsì mi kejì, lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti sọ tiwọn

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yín pín sí. Àwọn kan ní kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin láti Nagoya láàárọ̀, kí wọ́n rìn láti Magome dé Tsumago, ibùsọ̀ tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n padà lálẹ́, ó tán. Àwọn kan ní kí wọ́n ra káàdì ọkọ̀ ojú irin tó gba gbogbo Japan fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn yòókù ní kí wọ́n háyà mọ́tò.

Ti àkọ́kọ́ ṣeé ṣe, mo gbà. Láti Nagoya dé Nakatsugawa, ibùdókọ̀ ojú irin tí ẹ ti máa sọ̀ fún Magome, kò ju nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú lọ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń yára tí wọ́n ń pè ní Shinano, bọ́ọ̀sì sì ń lo bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láti ibẹ̀ dé Magome. Ṣùgbọ́n ojú aago lẹ máa fi gbogbo ọjọ́ náà wò. Ọkọ̀ ojú irin tó ń dúró ní àwọn ibùdókọ̀ kéékèèké lójú ọ̀nà yẹn kì í pọ̀. Nígbà míì, wákàtí méjì ló máa wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ẹni tí ọkọ̀ ń lé kì í rìn jẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ ìrìn jẹ́jẹ́ ni ìyàwó ẹni yìí ń béèrè.

Ti kejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan àwọn èèyàn mọ́. Ìmọ̀ràn àtijọ́ ni. Káàdì ọlọ́jọ́ méje yẹn jẹ́ 29,650 yen títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Láti oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ó di 50,000. Èmi kọ ìṣirò tèmi sínú ìwé kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì: Tokyo sí Nagoya, Nagoya sí Nakatsugawa, Nagiso (ibùdókọ̀ tó sún mọ́ Tsumago) sí Narai (ibùsọ̀ míì ní Kiso), Narai sí Matsumoto, Matsumoto padà sí Tokyo. Gbogbo rẹ̀ kò tó 25,000 yen. Ẹni tó bá fẹ́ sáré yí gbogbo Japan po lọ́sẹ̀ kan ni káàdì náà wà fún.

Mọ́tò dára fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wà lórí òkè. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó ń wakọ̀ ní London kò ní ìṣòro, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ọ ní Nàìjíríà lẹ́yìn ọdún 1972 tí a ti kó sí ọwọ́ ọ̀tún, ojú ọ̀nà tóóró tó ń yí òkè po kọ́ ni kó ti lọ dán an wò. Wọ́n sì máa béèrè ìwé ìwakọ̀ àgbáyé, èyí tó bá àdéhùn Geneva ọdún 1949 mu, kì í ṣe èyíkéyìí tó bá ti wù yín. Tsumago kì í sì í jẹ́ kí mọ́tò wọ òpópónà rẹ̀ lọ́sàn-án rárá.

* * *

Ẹni kan béèrè: kí ló yàtọ̀ láàárín Magome àti Tsumago tí a fi ní láti sùn sí méjèèjì?

Iná jó Magome lọ́dún 1895, ó tún jó o lọ́dún 1915, torí náà ọ̀pọ̀ ilé tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ ni wọ́n tún kọ́. Ó lẹ́wà, ó ga, ẹ máa rí òkè Ena níwájú yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ilé àtijọ́, Tsumago ni kó sùn sí.

Ọ̀rọ̀ Tsumago wọ̀ mí lára. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé tí kò gba àárín ìlú wọn, ìlú náà kú díẹ̀díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ lọ. Nǹkan bí ọdún 1968 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tún àwọn ilé náà ṣe. Lọ́dún 1971, àwọn ará ìlú fẹnu kò, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: a kò ní tà á, a kò ní fi í háyà, a kò ní wó o. Àwọn fúnra wọn ló ṣòfin náà fún ara wọn. Lọ́dún 1976, ìjọba fi ìlú náà sára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n dáàbò bò lórílẹ̀-èdè náà. Ẹ wò ó dáadáa tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ò ní rí òpó iná lójú òpópónà.

Tí ọkọ bá tún sọ pé ilé pákó lásán ni, ẹ sọ èyí fún un. Nígbà àwọn shogun, àwọn olórí ogun tó ń ṣàkóso Japan láyé àtijọ́, ẹni tó bá gé igi hinoki nínú igbó Kiso láìgba àṣẹ, wọ́n lè bẹ́ ẹ lórí. Wọ́n ń wí i níbẹ̀ títí dòní pé igi kan, orí kan.

* * *

Nípa ìrìn náà

Kìlómítà mẹ́jọ ni láti Magome sí Tsumago. Ìwé á sọ fún yín pé wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni. A lo márùn-ún, n kò sì kábàámọ̀ ìṣẹ́jú kan níbẹ̀. Láti Magome ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ga jù. Ẹ máa gòkè díẹ̀ dé orí òkè tó ga tó nǹkan bí 800 mítà, gbogbo ohun tó kù jẹ́ ìsọ̀kalẹ̀. Ilé tíì àtijọ́ kan wà lójú ọ̀nà, àwọn ará àdúgbò ló ń bójú tó o, wọ́n ń fún èèyàn ní tíì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jókòó. Ẹ má mu ún lórí ìdúró. Omi méjì tó ń já bọ́ láti orí àpáta tún wà nísàlẹ̀, wọ́n pe ọ̀kan ní akọ, wọ́n pe èkejì ní abo.

Àwọn tó ń bẹ̀rù ẹranko béárì: ẹranko náà wà nínú igbó yẹn lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so agogo mọ́ òpó lójú ọ̀nà. Ẹ lù ú kíkankíkan bẹ́ ẹ ṣe ń kọjá, kó gbọ́ pé èèyàn ń bọ̀, kó yà fún yín.

Ẹrù ńkọ́? Ọ́fíìsì àlejò tó wà ní Magome ń bá èèyàn gbé báàgì lọ sí ti Tsumago ní ìgbà tí èrò pọ̀. Ẹ já a sílẹ̀ láàárọ̀, ẹ gbà á lọ́sàn-án. Àpótí ńlá yín ẹ má gbé e dé Kiso rárá. Láti Tokyo ni kẹ́ ẹ ti fi ránṣẹ́ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ máa sùn sí nílùú ńlá tó kàn. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn wà káàkiri, ó sì sábà máa ń dé lọ́jọ́ kejì.

* * *

Ìwẹ̀ ìhòhò

Ọ̀rọ̀ yìí ló ti gba ojú ìwé tó pọ̀ jù níbí, ọ̀pọ̀ yín ló sì ní ẹ ò lè lọ torí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u.

Òótọ́ ni pé níbi omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní onsen, ìhòhò ni èèyàn ń wọ̀ ọ́, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ní àbùkù ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwa obìnrin tí a dàgbà sílé agboolé mọ ohun tó ń jẹ́ kí ìyá àgbà, ìyàwó ilé àti ọmọdé jọ wẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ẹnikẹ́ni kò wo ẹnikẹ́ni. Bó ṣe rí níbẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ máa kọ́kọ́ jókòó lórí àpótí kékeré, ẹ ó fi ọṣẹ wẹ̀ dáadáa, ẹ ó ṣan ara yín, lẹ́yìn náà lẹ ó wọ inú omi láti gbóná. Ẹ ká irun yín sókè. Onírun dídì, ẹ fi aṣọ dì í.

Ṣùgbọ́n kò pọn dandan. Ní àwọn ilé àlejò kéékèèké Kiso tí ìdílé ń dá ṣe, balùwẹ̀ kan tàbí méjì ló wà, ọpọ́n onígi tó ń ta sánsán, ẹ ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra, tọkọtaya lè jọ wọlé. Kìkì ẹ má ṣe tú omi náà dànù tẹ́ ẹ bá ṣe tán, torí omi kan náà ni àlejò tó kàn máa wọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ní kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ wẹ̀ níta nìyẹn.

Ẹni tó fín àwòrán sára, ọ̀pọ̀ ilé ìwẹ̀ kò ní gbà á. Kinosaki, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, gbà á ní ilé ìwẹ̀ ìta rẹ̀ méjèèje. Ìlú yẹn dára, àmọ́ ó jìn sí Kiso, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ìrìn àjò ọlọ́jọ́ mẹ́wàá yìí.

* * *

Oúnjẹ, àti àbúrò tó béèrè bóyá Mùsùlùmí lè lọ

Aago mẹ́fà ni oúnjẹ alẹ́, mẹ́fà sì ni. Ìyá onílé ti yan ẹja sórí ẹyín iná, ó ti bu ọbẹ̀, kò ní dúró de ẹni tó ń ya fọ́tò. A pẹ́ dé ilé àlejò kan fún ogójì ìṣẹ́jú torí bọ́ọ̀sì kan fò wá, oúnjẹ ti tutù pátápátá. Wọn ò bú wa, ṣùgbọ́n mo rí i lójú obìnrin náà pé ó dùn ún, ó dun èmi náà. Láti ìgbà náà, aago mẹ́rin ni mo ti ń dé.

A san nǹkan bí 12,000 yen lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ alẹ́ àti ti àárọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹja odò tí wọ́n fi iyọ̀ yan, ewé orí òkè, soba tútù (bíi núdù), ìrẹsì. Lójú ọ̀nà, ẹ ra gohei mochi: ìrẹsì tí wọ́n gún díẹ̀, tí wọ́n fi mọ́ igi, tí wọ́n fi ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà oníyọ̀ àti èso wálínọ́ọ̀tì pa lára, tí wọ́n yan. Wọ́n gbé eṣú tí wọ́n fi ṣúgà àti ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà sè wá fún wa lálẹ́ kan. Ọkọ mi tó jẹ esunsun dàgbà jẹ ẹ́ tán, ó béèrè sí i. Ata kò sí. Ẹ mú ata gígún yín dání.

Àbúrò mi, o lè lọ. Kọ̀wé sí ilé àlejò náà kí o tó sanwó, sọ pé o kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, o kì í mu ọtí, kò sì gbọ́dọ̀ sí ọtí nínú ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yìí ni kó o tẹnu mọ́, torí wọ́n ń fi ọtí ìrẹsì dídùn se ọ̀pọ̀ nǹkan, onílé kò sì kà á sí ọtí. Àwọn míì á sọ fún ẹ pé àwọn kò lè ṣe é. Má bínú sí wọn. Gba yàrá láìsí oúnjẹ, kí o ra ìrẹsì àti ẹyin ní ìlú ńlá kí o tó gòkè, nítorí ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí lálẹ́ níbẹ̀.

* * *

Shirakawa-go: mo ta ko ọ̀pọ̀ yín

Ìdajì àwọn tó dáhùn ló ní abúlé Shirakawa-go ni kí wọ́n lọ, kì í ṣe Kiso. UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 1995, pa pọ̀ mọ́ Gokayama tó wà nítòsí. Òrùlé koríko rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ọwọ́ méjì tí a pa pọ̀ láti gbàdúrà, kí yìnyín lè máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Lórí àjà ni wọ́n ti ń sin kòkòrò tó ń hun sílíìkì láyé àtijọ́, èéfín iná àárín ilé a sì máa gun òkè lọ pa kòkòrò inú koríko náà. Ẹni tó bá ti rí àjà ìdáná ìyá àgbà rẹ̀ á mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹwà rẹ̀ kò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé abúlé náà kò ju nǹkan bí 1,600 lọ, àlejò tó sì ń wọ ibẹ̀ lọ́dún kan ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ. Lọ́sàn-án, ìlà lẹ máa tò kí ẹ tó rí ibi tí ẹ máa ya fọ́tò. Tẹ́ ẹ bá ríbi sùn sí, ẹ lọ. Tẹ́ ò bá rí, ẹ yà kúrò.

Ẹnì kan sọ lókè pé ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe òrùlé náà. Ẹ gbà mí láyè kí n tún un ṣe. Yui ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn ọgbọ̀n sí ogójì ọdún, tí koríko òrùlé kan bá gbó, gbogbo ilé á yọjú, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá wá ṣiṣẹ́ ọjọ́ báyìí, tamẹ̀dò kó koríko báyìí wá, kí onílé lè san án padà tó bá kan tiwọn. Ọ̀wẹ̀, olóko á bẹ àwọn èèyàn, á sì fún wọn lóúnjẹ. Èyí tí a ń san padà níkọ̀ọ̀kan, àáró ni. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo rí i pé èdè wa ti ní orúkọ fún un.

* * *

Ní kúkúrú, fún ẹni tó fẹ́ ra ilé òfìfo

Òótọ́ ni pé ilé òfìfo pọ̀ ní Japan. Nínú ìwádìí nípa ilé tí ìjọba Japan ṣe lọ́dún 2023, ilé tí kò séèyàn nínú rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, ìyẹn 13.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ máa rí wọn láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin, ilẹ̀kùn wọn tì, igi hù lágbàlá wọn. Ìyá mi kò lè mójú kúrò lára wọn, ó ń béèrè pé àwọn ọmọ wọn dà. Ṣùgbọ́n ríra ilé kò fún èèyàn ní físà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín lórí ìyẹn.

* * *

Ọkọ náà padà wá: ó ní àwọn ti gbà láti sùn lálẹ́ mẹ́ta, kí n tò ó fún àwọn. Ó tún ní orúnkún ń dun òun.

Ó dùn mọ́ mi. Alẹ́ kan ní Magome, alẹ́ kan ní Tsumago, alẹ́ kan ní Narai. Narai gùn tó kìlómítà kan lójú òpópónà kan ṣoṣo, ibùdókọ̀ rẹ̀ sì wà ní ẹnu ìlú, ẹ ò ní gòkè kankan. Láti ibẹ̀, Matsumoto kò jìn, ẹ wo ààfin dúdú rẹ̀, kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Tokyo. Ọjọ́ yòókù, ẹ wo iná yín.

Ní ti orúnkún: orí ilẹ̀ ni wọ́n ń jẹun, orí ilẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Ìyá mi jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin nígbà tá a lọ, ilé àlejò tá a kọ́kọ́ wọ̀ sì nira fún wọn gan-an, n kò béèrè tẹ́lẹ̀. Ní ilé kejì, mo kọ̀wé ṣáájú, wọ́n gbé àga kékeré wá fún wọn nídìí tábìlì, wọ́n sì tẹ́ ibùsùn méjì léra. Ẹ béèrè, wọ́n máa ṣe é. Tí ìrìn náà bá le jù, bọ́ọ̀sì ń lọ láti Magome sí Tsumago. Ìyá mi wọ̀ ọ́, wọ́n sì ń dúró dè mí níwájú ilé kan pẹ̀lú ìyá arúgbó kan tí kò gbọ́ Yorùbá, tí ìyá mi kò sì gbọ́ tirẹ̀, àwọn méjèèjì ń jẹ èso kan náà.

Tó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lẹ ń lò, wọ́n máa béèrè ibi tí ẹ máa sùn lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan nígbà tẹ́ ẹ bá ń wá físà, nítorí náà ẹ tètè gba yàrá. Oṣù kọkànlá ni ewé igi wọn ń pọ́n, yàrá kì í pẹ́ tán. Ẹ mú owó bébà àti ṣílè dání, torí ọ̀pọ̀ ilé yìí kì í gba káàdì.

Tẹ́ ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì tí ẹ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ẹ fa ìwé kékeré tó yọ jáde lára ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ẹ wo pátákó tó wà lókè orí awakọ̀: iye owó tó wà lábẹ́ nọ́ńbà yín máa ń gòkè bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ níwájú, ẹ ju ìwé náà àti owó náà pa pọ̀ sínú àpótí. Iye tó pé gẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣẹ́ owó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ kí ọkọ̀ tó dúró.